Orin Tí A Fi Tú Òṣùmàrè Rhydgoch Sílẹ̀

Oníwàásù kò tíì dé ìdajì ìwàásù rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá Prosser wọ ilé ìsìn wa pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Òun ni ó ń kọ́ afárá ojú irin sórí odò Eurlas, kò sì sí Ọjọ́ Olúwa kan tí ó pẹ́ dé rí. Kí ó tó la ẹnu, a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ odò ni.

"Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ará," ni ó wí. "Omi ti kún. Àwọn ìtì igi láti òkè odò ń kọlu àgbékà wa. Bí wọ́n bá gbá a lọ báyìí, Òṣùmàrè á bá a lọ."

Òṣùmàrè ni a ń pe èyí tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà, òkúta tó tẹ̀ kọrọdọ láti ẹsẹ̀ afárá kan sí èkejì lókè odò. Ọdún mẹ́ta ni àwọn ọkọ wa fi gbẹ́ òkúta rẹ̀. Wọ́n ti fi òkúta ìkẹyìn dí àárín rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbékà onígi ṣì gbé e dúró láti ìsàlẹ̀ títí símẹ́ǹtì yóò fi gbẹ. Bí omi bá fa àgbékà yọ lójijì pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wó. Àfi kí a yára sọ àgbékà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn òkúta gbára lé ara wọn, kí ó lè jẹ́ igi lásán ni omi máa gbé.

Ojú gbogbo wa yí sí oníwàásù. Ní Rhydgoch, abúlé wa, a kì í bó ọ̀dùnkún pàápàá lọ́jọ́ ìsinmi. Ọjọ́ Sátidé la ti ń bó o sílẹ̀.

Oníwàásù wo ìwé rẹ̀, ó wo Prosser. "Ta ni nínú yín tí màlúù rẹ̀ bá bọ́ sínú kànga, tí kò ní fà á jáde lọ́jọ́ ìsinmi?" Ó pa Bíbélì dé. "Màlúù tiwa yìí wúwo díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

A sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí ilé ìsìn wà nínú aṣọ ìsìn wa.

Lábẹ́ àgbékà, níbi ẹsẹ̀ afárá méjèèjì, ni àwọn igi pẹlẹbẹ tí a há síbẹ̀ láti gbé e dúró wà. Bí a bá ń fi òòlù lù wọ́n jáde, àgbékà á máa rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ pọ̀. Àwọn ọkùnrin wa, Huw ọkọ mi pẹ̀lú wọn, bọ́ sí ìhà tiwa. Àwọn agbẹ́-òkúta ará Yorkshire, àlejò láti ọ̀nà jíjìn tí wọ́n pàgọ́ sí òdìkejì odò, bọ́ sí tiwọn. Wọn kò lè rí ara wọn, odò sì ń bú débi pé ohùn ẹnì kan kò lè dé etí wọn.

"Ohùn gbogbo yín á dé," ni Prosser wí fún àwa tó wà ní bèbè. "Mo ti bá àwọn ará ìhà méjèèjì sọ ọ́. Òòlù á máa bá orin rìn. Bí ẹsẹ kan bá parí, kí wọ́n dúró kí n wo òkúta. Ìgbà tí mo bá fi áńkáṣíìfù mi juwọ́ sí yín ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn." Ó yíjú sí Bàbá Esra tó ń dá orin fún wa. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un o."

"Èmi kẹ̀? Èmi kì í fi kún orin."

Ìyá Lowri, ìyàwó rẹ̀, gbójú sókè ọ̀run.

Prosser gun orí Òṣùmàrè fúnra rẹ̀, ó dúró sí àárín, ó ju áńkáṣíìfù. Bàbá Esra dá orin Jọ́dánì, a gbè é. Nísàlẹ̀, òòlù ń dún gbò, gbò, tìhín tọ̀hún bí ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹsẹ kìíní parí, wọ́n dúró. Ẹsẹ kejì parí, ìtì igi ńlá kan kọlu àgbékà, gbogbo rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n Prosser tún ju áńkáṣíìfù.

Ní ẹsẹ kẹta ni ẹ̀mí gbé wa. Bàbá Esra di ojú. Bí ìlà ìkẹyìn ti parí, ó tún un gbé sókè, gbogbo wa sì gbà á, èmi náà gbà á, nítorí kò sẹ́ni tó ń kọ ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan péré ní Rhydgoch. Òòlù ìhà tiwa ń bá wa lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ orin náà láti inú ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ti àwọn ará Yorkshire ti dákẹ́. Lójú tiwọn, ẹsẹ ti parí.

Eruku bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín àwọn òkúta. Prosser ń ju ọwọ́ méjèèjì. Bàbá Esra, pẹ̀lú ojú tó dì, tún gbé ìlà náà lẹ́ẹ̀kẹta. A kọ ọ́ tán kí Ìyá Lowri tó ṣí fìlà orí ara rẹ̀ fi bò ó lẹ́nu.

"Ọkùnrin yìí, o fẹ́ pa wá."

Orin dá. Òòlù dá. Prosser dùbúlẹ̀ lórí òkúta, ó na orí sísàlẹ̀ ní ìhà tiwa, mo sì rí i tí Huw àti àwọn yòókù gbé òòlù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn lórí òkúta tó ń ta eruku yẹn lọ sí ìhà kejì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá àwọn ará Yorkshire sọ̀rọ̀. Ó padà sí àárín, ó nawọ́ sí Bàbá Esra, ó sì gbé ìka méjì sókè.

"Kí ló ń wí?" ni Bàbá Esra bi ìyàwó rẹ̀ láti abẹ́ fìlà.

"Ó ní kí o tún ìlà ìkẹyìn kọ lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn tọ̀hún lè bá wa."

"Ó ní kí n tún un kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ogójì ọdún ni mo ti ń dá orin," ni Bàbá Esra wí, "kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí."

Ó dá a, lẹ́ẹ̀mejì péré, pẹ̀lú ojú tó là kedere. Òòlù òdìkejì nìkan ló dún. Eruku dá. Prosser fojú wọn òkúta láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ó sì ju áńkáṣíìfù. Bí a ti ń parí ẹsẹ kẹrin, mo rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín bí òwú láàárín òkúta àti igi. Òṣùmàrè ti ń dá dúró.

Àwọn ọkùnrin sá gòkè. Huw dì mọ́ mi pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, mi ò bá a wí. Kò pẹ́ tí àwọn ìtì igi fi rọ́ dé. Àgbékà dún bí ààrá, ó tẹ̀, ó sì bá odò lọ bí ilé tó ń rìn. Prosser kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta àárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro lókè omi, òkúta kan kò sì mì lábẹ́ rẹ̀.

 Bàbá Esra fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ jẹ́ẹ́. "Lowri, ṣé mo lè gbé e báyìí?"

"Gbé e," ni ó wí, ó sì dé fìlà rẹ̀ padà.

Ó gbé ìlà ìkẹyìn náà, a gbà á, a tún un, a tún un. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ará Yorkshire náà gbà á pẹ̀lú wa, wọn kò dúró.