Ìkọ́kọrẹ́ Ẹlẹ́sẹ Mẹ́rin

Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má tíì ṣí ìkòkò yẹn. Mo ṣèlérí fún yín pé ìkọ́kọrẹ́ Dọ́kásì la ó jẹ lónìí tó pé ọdún kan tó ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rọ́ àlá tí mo lá ní ìdájí yìí fún yín, kó tó sá mọ́ mi lójú.

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé ni àlá náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé Dọ́kásì ìyàwó mi ránṣẹ́ láti ọsibítù pé ẹnu òun ń fẹ́ ìkọ́kọrẹ́. Mo wà nílé ìdáná, mò ń rin ewùrà, nígbà tí Katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa wọlé tó sì ṣí fìlà. Lójú ayé, ṣe ló kàn gba ewùrà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n lójú àlá, ó gbọn fìlà rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ń pè yín ní ọ́fíìsì. Ẹ gbé ìkòkò dání."

Mo gbé ìkòkò Dọ́kásì, èyí tí etí rẹ̀ kan ti yọ, a sì jáde.

Orí adágún epo pupa ni ọ́fíìsì náà ń léfòó sí. Igbá la wọ̀ débẹ̀, Katikíìsì ń fi ṣíbí onígi wà á bí ẹni wa ọkọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń rò ni kí epo má ta sí ṣòkòtò ìsìn mi.

Nínú ọ́fíìsì, ìkòkò gbogbo ayé jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de ìforúkọsílẹ̀. Akọ̀wé kan wà nídìí tábìlì, ó so táì, irùngbọ̀n rẹ̀ rí ṣóṣóró.

"Oúnjẹ wo lẹ gbé wá?"

"Ìkọ́kọrẹ́ ìyàwó mi ni, sà."

"Ìṣẹ́jú mélòó ló ń lò lórí iná kí a tó rò ó?"

Ọ̀rọ̀ náà bà mí níbi tó ń dùn mí. Láti ìgbà tí Dọ́kásì ti lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti se é, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló sì di lẹ́ẹ̀ tí a fi ń lẹ ìwé. Dọ́kásì kò gbé aago wọ ilé ìdáná rí. Èmi ni mò ń kọ ìṣẹ́jú sínú ìwé, tí mo tún ń pa á rẹ́.

"Mẹ́ta, sà. Tàbí márùn-ún."

Ó gbé òǹtẹ̀ sókè. "Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ kí n tó lu òǹtẹ̀ yìí, 'oúnjẹ tí a ti gbàgbé' ni màá kọ, màá sì ju ìkòkò yín sínú adágún."

Mo wo àwọn ìkòkò yòókù bí ọmọ ilé ìwé tó ń wá ìdáhùn. Ìkòkò àgbàdo láti Ítálì ní, "Ẹ máa rò ó, Bàbá! Ìyá tèmi kì í gbé ọwọ́ kúrò lára ṣíbí títí apá á fi máa ro ó."

"Irọ́ ni," ni ìkòkò ìrẹsì láti Japáànù wí láìṣí ìdérí rẹ̀. "Ṣe ni kí ẹ dé e. Bí ọmọ bá tilẹ̀ ń sunkún ebi, ẹ kò gbọdọ̀ ṣí i."

Agbada amọ̀ láti Etiópíà pòṣé. "Ẹ̀yin méjèèjì, ariwo yín pọ̀. Ara búrẹ́dì ni ìyá tèmi ń wò. Bí ojú kéékèèké bá ti là lára rẹ̀, ó ti jinná nìyẹn."

"Ìjà ń bọ̀ níbí," ni Katikíìsì wí. Ó ti di àlùbọ́sà nígbà náà. Òun ló jẹ́ kí omi wà lójú mi.

Akọ̀wé fẹ́ sọ pé kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!" ló jáde. Ó wo ara rẹ̀: ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. N kò bèèrè ohunkóhun; irùngbọ̀n yẹn ti ń lọ síbẹ̀ tipẹ́. Ó fi ẹnu kan ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó rí i pé ó dùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ní ewé kọ̀ọ̀kan.

Nígbà náà ni ìkòkò Dọ́kásì, tí kò tíì sọ̀rọ̀ rárá, wúkọ́ díẹ̀.

"Tíṣà, ọwọ́ yín ló yá jù. Bí Màmá bá ti bu ewùrà sínú ọbẹ̀ ní kókó kókó tán, kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Á dé mi, á káwọ́, á máa kọrin."

"Mo mọ̀ ọ́n. Orin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi."

"Ẹsẹ mẹ́rin ni. Ní ẹsẹ kejì, àwọn kókó á ti le. Ní ẹkẹta, epo á ti wọ̀ wọ́n lára. Ìgbà tó bá ṣe Àmín ló ń mú ṣíbí."

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi jókòó ní pálọ̀ tí mò ń gbọ́ orin yẹn, mo rò pé Ọlọ́run nìkan ló ń kọ ọ́ fún. Láti ọjọ́ tí Katikíìsì gba ewùrà lọ́wọ́ mi, n kò kọ ọ́ mọ́. Bí wọ́n bá dá a ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe ni mo máa ń wá awò ojú mi lábẹ́ àga.

Mo la ẹnu láti kọ ọ́, èéfín ọbẹ̀ ló ń jáde. Àwọn ìkòkò bá mi gbé e. Ti Japáànù ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, síbẹ̀ kò ṣí ìdérí. Ní ẹsẹ kẹta, ìkánjú mú mi, mo nawọ́ sí ṣíbí, ọwọ́ kan sì gbá mi lọ́wọ́ pẹ́ẹ́. Mo mọ ọwọ́ náà. Òrùka wa wà níka rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ò tíì dé Àmín."

Ibẹ̀ ni mo ti jí. Mo gbọ́ wọ́rọwọ́rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ewúrẹ́ Ìyá Bísóyè ará ilé kejì ti ki orí gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń jẹ ìwé tí mo kọ ìṣẹ́jú sí. Mẹ́ta ti lọ, ó ti kan márùn-ún.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, Tíṣà!" Ìyá Bísóyè ń ké láti àgbàlá. "Ẹ bá mi lé e! Ẹran tí kò dé súkúù rí, n ò mọ ibi tó ti kọ́ ìwé jíjẹ!"

"Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́," ni mo wí. "Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe."

"Kí lẹ wí, sà?"

Mo wọ ilé ìdáná. Mo rin ewùrà, mo bù ú sínú ọbẹ̀ ní kókó kókó, mo dé ìkòkò, mo káwọ́. Mo kọ ẹsẹ kìíní dé ìdajì, mo dúró. Ewúrẹ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ dé ẹsẹ kẹrin, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń kọ ọ́, mo sì ṣe Àmín. Lẹ́yìn náà ni mo mú ṣíbí.