Dátà Nílẹ̀ Onílẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi nọ́ńbà yín síbí. Kóòdù kan péré ni wọ́n máa fi ránṣẹ́."

Ọkùnrin tí Dilruba ń bẹ̀ wo fóònù tó nà sí i bí ẹni tí wọ́n na ejò sí. Ó sún sẹ́yìn lórí àga, ó sì ki fóònù tirẹ̀ bọ àpò ẹ̀wù.

"Kóòdù kẹ̀? Kóòdù yẹn náà ni wọ́n fi kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì bàbá ìyàwó mi lọ lóṣù tó kọjá. Ohùn obìnrin jẹ́jẹ́ báyìí náà ló gbọ́. Ẹ wá ẹlòmíì o."

"Sà, ìwé ọkọ mi ni mo fẹ́ gbà láti ilé. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lónìí. Ẹ wo káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀..."

"Mo ní kí ẹ wá ẹlòmíì, màdáámù."

Ẹnì kẹrin nìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ ní fóònù òun ti kú. Ẹnì kejì rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tiẹ̀ mọ nọ́ńbà òun lórí. Ẹnì kẹta, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ti fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fà á lápá dìde, wọ́n sì lọ jókòó sí òdìkejì gbọ̀ngàn. Lára ògiri ilé ìwòsàn náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé wáì-fáì ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà Índíà tí kóòdù yóò bá wọlé. Dilruba kò ní nọ́ńbà Índíà tó ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní ìlú Natore, ní Bangladesh. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni òun àti ọkọ rẹ̀, Mofizul, dé Kolkata.

Aago ara ògiri lu mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago méjìlá ni wọ́n máa ti ìwé orúkọ àwọn tí wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Òkúta ló dí ọ̀nà òróòro nínú Mofizul. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àtalẹ̀ pupa, ibà kò sì jẹ́ kó sùn. Gbogbo ètò ti parí, àfi ìgbà tí Dókítà Sengupta, obìnrin tó ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn oorun, wọlé láàárọ̀ yìí, tó béèrè bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí.

"Rárá," ni Mofizul sọ.

"Wọ́n ṣe é," ni Dilruba sọ. "Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ní Rajshahi. Ìpá ni. Wọ́n parí iṣẹ́ tán, kò lè dá mí. Ẹ̀rọ ló bá a mí fún wákàtí mẹ́jọ."

Dókítà gbé kálámù sílẹ̀. "Oògùn wo ni wọ́n fún un?"

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú àwọn méjèèjì. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ ní Rajshahi, ìwé náà sì wà nílé, ní Natore.

"Irú oògùn mẹ́ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ síni," ni dókítà wí. "N ò lè sá fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí yín. Ṣé ìyẹn ṣòro ni?"

Kò yẹ kó ṣòro. Dátà tó rà sórí láìnì ilé kó tó kọjá ẹnubodè Benapole yẹ kó tó o lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n lóru àná, Shirin, àbúrò ọkọ rẹ̀, kó fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ sórí ẹgbẹ́ ẹbí orí fóònù, fídíò bíi ogójì, fóònù Dilruba sì ń gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń sùn. Ìgbà tó jí, ó rí ìyàwó tó ń jó, ó rí ewúrẹ́ tí wọ́n sè, kò sì rí dátà kankan mọ́. Bí wọn yóò bá fi kún un, ará ilé ló gbọ́dọ̀ bá a fi kún un. Láìnì náà kì í pe ilé láti ilẹ̀ òkèèrè; àti sọ fún ará ilé sì rèé, dátà ló fẹ́.

Kò tún bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ ní gbọ̀ngàn. Ó sáré jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Haldar, níbi tó ti ra síìmù Índíà lánàá. Òòrùn mú, ọ̀nà sì kún fún àwọn aláìsàn láti ilẹ̀ wọn. O lè mọ̀ wọ́n nípa àpò ńlá fọ́tò inú ara tí wọ́n gbé há abíyá. Haldar ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀ nígbà tó wọlé.

"Màdáámù Natore! Ó tún ti yá?"

"Síìmù yín kò tíì ṣiṣẹ́."

"Mo sọ fún yín pé wákàtí mẹ́rìnlélógún. Àlejò ni yín. Wọ́n ní láti yẹ páásìpọ́ọ̀tù yín wò, kí wọ́n yẹ físà wò. Ọwọ́ mi kọ́ ló wà."

"Ẹ jẹ́ kí n lo wáì-fáì ṣọ́ọ̀bù, ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Haldar gbé gíláàsì náà sójú, ó wò ó pẹ́. "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹnì kan tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi báyìí lọ́dún tó kọjá, ó ní àìsàn ìyá òun ni. Ọlọ́pàá ló wá bá mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ṣàlàyé ohun tí n ò mọ̀. Ọmọ ń bẹ nílé mi."

"Ẹ fi fóònù yín bá mi pè wọ́n, ẹ̀yin fúnra yín."

"Fóònù tèmi kì í pe ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ bi gbogbo àdúgbò yìí, èsì kan náà lẹ máa gbọ́."

Ó bi wọ́n. Ó bi apòògùn, ó bi onítíì, ó bi onílé tí wọ́n wọ̀ sí. Onílé ní wáì-fáì òun ti kú láti àná, ẹni tó máa tún un ṣe ń bọ̀ lọ́la. Ní Natore, bí Dilruba bá na ọwọ́ lójú títì, ọmọ tó ti kọ́ rí ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Níbí, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, irú oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, síbẹ̀ bó bá ti la ẹnu, wọ́n á gbọ́ ohùn ìhà kejì ẹnubodè, ojú wọn á sì yí.

Nígbà tó padà dé yàrá ọkọ rẹ̀, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù. Wọ́n ti wọ Mofizul láṣọ iṣẹ́ abẹ aláwọ̀ ewé. Nọ́ọ̀sì dúró tì í pẹ̀lú pátákó àti ìwé.

"Ó ti fọwọ́ sí tirẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ti ìbátan ló kù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ gbà kí a máa bá iṣẹ́ lọ láì rí ìwé àtijọ́ yẹn. Bí ẹ ò bá fẹ́, kò sí ìjà. A ó fi ẹlòmíì sí ààyè rẹ̀, ó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀."

"Fọwọ́ sí i, Dilruba," ni Mofizul wí.

"Mi ò tíì rí ìwé náà."

"Ìwé, ìwé! Ìwọ lo tiẹ̀ dá gbogbo èyí sílẹ̀. Bó o bá ti panu mọ́ láàárọ̀, ǹ bá ti wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ṣé o rí ojú mi? Ṣé o mọ bí inú yìí ṣe ń ta mí? Èmi ni mò ń jẹ ìrora!"

"Ìwọ lò ń jẹ ìrora. Èmi ni mo jókòó tì ọ́ ní Rajshahi. O sùn, o ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo ń ka èémí ẹ̀rọ yẹn fún wákàtí mẹ́jọ."

"Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó kú."

Dilruba gba kálámù. Nọ́ọ̀sì fi ìka hàn án níbi tí yóò kọ orúkọ sí. Orí kálámù fa ìlà kékeré kan sára ìwé. Ó wo ìlà náà. Lẹ́yìn náà ló fi kálámù lé orí pátákó padà.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

Mofizul kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì wo aago, ó ní òun yóò padà wá nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù, ó sì jáde.

Obìnrin kan wà ní igun yàrá tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn kejì. Wọn kì í kíyè sí irú wọn: òṣìṣẹ́ tó ń fọ ilẹ̀, tó ń da ìgbẹ́, tó ń ran aláìsàn dìde. Purnima lorúkọ rẹ̀, ó wà lára káàdì tó fi kọ́ ọrùn. Ó ká aṣọ tó dọ̀tí, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n, ó wá sún mọ́ Dilruba.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí yín ní gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan. Kí ni wọ́n ń fẹ́ ká fi gba wáì-fáì yẹn gan-an?"

"Nọ́ńbà. Kóòdù á wọlé sórí rẹ̀, ẹ ó kà á fún mi."

Purnima fa fóònù onítọ́ọ̀ṣì kékeré kan yọ láti inú ẹ̀wù rẹ̀. "Wọ́n fi kóòdù kó owó oṣù méjì lọ lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá. Ẹni yẹn ní òun ń pè láti báǹkì."

Dilruba gbójú sókè. "Ẹ̀rù ò wá bà yín ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ kí n tó yí ọkàn padà."

Ó ka nọ́ńbà náà, Dilruba ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì dún, àmọ́ ní àkókò náà gan-an ni ọ̀gá Purnima ké pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kó gbé agbọ̀n wá kíákíá. Ó sáré lọ tòun ti fóònù. Ìgbà tó fi padà, àkókò kóòdù ti kọjá. Wọ́n tún béèrè òmíràn. Purnima na fóònù síwájú Dilruba. "Ẹ fúnra yín kà á, mi ò mọ òǹkà ti gẹ̀ẹ́sì dáadáa."

Wáì-fáì wọlé.

Ìhà fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ni wáì-fáì náà ti lágbára. Níbẹ̀ ni Dilruba ti pe Nabila, ọmọ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Jímọ̀ ni, kò sí ilé-ìwé ní Bangladesh.

"Màmá! Níbo lẹ wà? Látàná ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́..."

"Nabila, gbọ́. Fáìlì aláwọ̀ búlúù, nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin. Ìwé Rajshahi ti bàbá rẹ. Ya fọ́tò rẹ̀, ojú ìwé gbogbo. Sáré."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó gbọ́ ìró irin. Lẹ́yìn náà, ohùn Nabila gbọ̀n. "Fáìlì wà, Màmá. Òfìfo ni."

Dilruba fi orí ti gíláàsì fèrèsé. Lẹ́yìn Nabila ló ti gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń béèrè kí ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi ń tú ilé.

"Ìwé Bàbá ti Rajshahi, Màmá Àgbà!"

"Ṣé ìwé yẹn lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ikán? Ikán ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn láti ìgbà òjò. Inú agolo gúgúrú ìrẹsì ni mo kó o sí, lábẹ́ ibùsùn mi. Ẹnìkan bi mí ni?"

Fọ́tò àkọ́kọ́ wọlé bàìbàì. Dilruba pariwo pé kó dì í mú dáadáa. Ìkejì wọlé dé ìdajì, ó dúró, ó ń yí òbìrí. Dilruba ń sọ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń rọ màlúù gòkè: "Máa bọ̀, máa bọ̀, jọ̀ọ́." Ó wọlé tán. Dilruba sáré.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù sí méjìlá nígbà tó bá Dókítà Sengupta lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà gba fóònù, ó fi ìka méjì fẹ ìwé náà lójú, ó ń kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Oògùn yìí gan-an," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀, "ni mo máa ń kọ́kọ́ lò." Ó yíjú sínú yàrá, ó dárúkọ oògùn méjì kan fún ẹni tó wà nínú, ó ní kí wọ́n kó ìkan kúrò nílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n gbé èkejì wá. Ó dá fóònù padà. "Ẹ má pa fọ́tò yẹn rẹ́ láé. Ẹ lọ wí fún ọkọ yín pé a ń bọ̀ wá gbé e. Kò sí ìwé kankan tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí mọ́."

Dilruba jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, lára ògiri, títí Purnima fi kọjá pẹ̀lú korobá, tó fà á dìde lápá.

Bí wọ́n ṣe ń ti Mofizul bọ̀ lórí ibùsùn oníkẹ̀kẹ́, wọ́n gba ìhà fèrèsé yẹn kọjá. Dilruba ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ilé ló tún ti pè. Mofizul kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó gbìyànjú láti jókòó. Arúgbó náà sún mọ́ fóònù débi pé iwájú orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ni. Ìrònú rẹ̀ ni pé ọmọ òun lọ gba oògùn.

"Mofizul, ṣé o ti jẹun?"

Láti alẹ́ àná, omi lásán kò kan ẹnu rẹ̀.

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Kí lo jẹ?"

Ó wo Dilruba. Ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ rẹ̀ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó dì í mú.

"Ìrẹsì àti ẹja, Ìyá. Dilruba ló sè é. Mo yó dáadáa."