Nọ́ńbà Inú Orí Alájà

Ọdún mọ́kànlélógún ni Dàpọ̀ ti fi ń yẹ ilé ìfowópamọ́ wò fún ìjọba. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní GRA, kò sì sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ táwọn olówó ń dá tí kò tíì rí. Àmọ́ ohun tó rí ní ọjà Ipata lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè yẹn, kò sí nínú ìwé òfin kankan tó kà.

Nàfísàt, ọmọ Táíwò Road tó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó, ló ṣe áàpù kan táwọn oníṣu fi ń dá àjọ lórí fóònù. Ìwé àṣẹ ìjọba ló kù tó ń wá. Bí Dàpọ̀ bá kọ “ó yege” sínú fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Bó bá kọ “kò yege”, làálàá ọdún mẹ́ta já sásán nìyẹn.

Ìbéèrè kan péré ló kù nínú fọ́ọ̀mù náà: yàtọ̀ sí oníbàárà fúnra rẹ̀, ta ló mọ nọ́ńbà àṣírí tó fi ń ṣí áàpù? Òfin ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Dàpọ̀ bi àwọn oníṣu náà léèrè.

“Alájà mọ̀ ọ́n,” Hidayat oníṣu dáhùn, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Ti gbogbo wa ló mọ̀.”

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí ojú Nàfísàt ṣe rí. Ó ti kìlọ̀ títí pé kí wọ́n fi nọ́ńbà náà pamọ́. Wọ́n sì fi í pamọ́ lóòótọ́, sọ́dọ̀ àgbà. Níbo ni ọmọlúàbí tún ń fi àṣírí sí?

Alájà Hàlímọ̀tù, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún, jókòó lórí àpótí láàárín iṣu. Kò ní ìwé, kò ní bírò.

“Ẹ má bínú, mà,” Dàpọ̀ ní, “ẹ ò lè rántí nọ́ńbà èèyàn mẹ́tàléláàádọ́ta.”

Alájà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Alájà á sọ̀rọ̀ sí i létí, obìnrin náà á tẹ fóònù, áàpù á sì ṣí. Ìkejì, ó ṣí. Ìkẹwàá, ó ṣí. Nígbà tó fi máa kan ẹnìkẹtàléláàádọ́ta, orí Dàpọ̀ ti wú, kò mọ ibi tí bírò rẹ̀ bọ́ sí.

“Níbo lẹ ti kọ́ èyí, mà?”

“Ilé kéwú. Kí n tó pé ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti há Àlùkùránì sórí látòkèdélẹ̀. Kí wá ni nọ́ńbà mẹ́rin-mẹ́rin?”

Dàpọ̀, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó jẹ́ pé Sáàmù kẹtàlélógún nìkan ló há, wò ó, ẹ̀rù Ọlọ́run bà á. Kò fẹ́ sọ ohun tó kàn, àmọ́ iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. “Mà, bí olè bá mú yín ńkọ́? Owó gbogbo wọn ló máa kó.”

 Alájà wo Nàfísàt tó ń fi ìborùn nu omi ojú. Ó pàtẹ́wọ́ pe àwọn obìnrin náà.

“Ẹ gba àmánà tẹ́ ẹ fi sọ́wọ́ mi,” ó ní. “Ẹ yí nọ́ńbà yín padà nísinsìnyí, ẹ má sì sọ fún mi.”

Wọ́n yí i padà, àwọn kan ń sunkún. Dàpọ̀ kọ “ó yege”, ó fọwọ́ sí i.

Dàpọ̀ ò tíì dé ìdí kẹ̀kẹ́ márúwá tí Hidayat fi sáré padà wá. “Alájà, mo ti gbàgbé tuntun.”

“Má wò mí,” Alájà ní. “Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.”

Ni gbogbo wọn bá yíjú sí Dàpọ̀. Ó wo fọ́ọ̀mù náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí yóò máa rántí.