Ṣọ́ọ̀kì Iwájú Alùpùpù Ivano

…kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìyẹn ló dùn jù nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Ivano. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo ìlú Rocca ń pè ní Ọ̀gá. Ó dúró síbi ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì mi yìí lọ́jọ́bọ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó ń wolẹ̀.

"Nives, jọ̀ọ́, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ o. Àkókò ni ò sí fún mi. Kó mọ sáàárín àwa méjì."

Àkókò. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́rin, tó ń jókòó sílé ọtí Loredana látàárọ̀ títí dọ̀sán, òun ni ò ní àkókò láti pààrọ̀ síìlì méjì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì jò.

Mo gbé kọfí fún un. Kò fọwọ́ kàn án níṣojú mi. Mo yíjú pa dà bí ẹni tó ń wá nǹkan, mo sì gbọ́ bí ife ṣe ń lu àwo tó gbé e sí… tín-tín-tín, bí eyín ẹni tí òtútù mú.

Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ọwọ́ Ivano ń gbọ̀n. Ó yẹ kó ṣe mí láàánú — ó yẹ. Àmọ́ ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi oyin sí mi lẹ́nu.

Òní Sátidé. Láàárọ̀ ọ̀la ni gbogbo àwọn tó ní alùpùpù àtijọ́ máa gun òkè Muraglione. Alùpùpù pupa yìí ló máa ń ṣáájú wọn lọ́dọọdún, ti ọdún 1973, alùpùpù bàbá mi, tó di ti Ivano pa pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ tí bàbá mi ti ń tún alùpùpù ṣe. Ó dúró síbí láìní táyà iwájú. Mo ti yọ ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Mo ti parí tọ̀tún. Ti òsì ni fáìsì dì mú yìí, mo fi aṣọ wé e kí ara ẹ̀ má bàa họ.

Ara ẹ̀ ti họ tẹ́lẹ̀ ṣá. Ivano ló họ ọ́. Ìgbà tí mo ṣí rọ́bà tó ń gba eruku sókè ni mo rí i, àpá ṣukudiráfà níbi gbogbo. Ó ti gbìyànjú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó gbìyànjú ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí síìlì méjì tó ti ya ló wà nísàlẹ̀ báàgì tó gbé fún mi, ó gbàgbé láti yọ wọ́n. Ọ̀pá dídán méjèèjì, ibi tí wọ́n ti ń wọ inú àpò irin wọn tí wọ́n sì ń jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gún irin kan lára. Kò tó hóró ìrẹsì. Ojú lè má rí i. Àmọ́ èékánná tó bá kọjá níbẹ̀ máa há.

Ẹ̀gún yẹn ló máa bá mi ṣiṣẹ́.

Tí mi ò bá fi sán-pépà họ ọ́ kúrò… síìlì máa gorí ẹ̀ kọjá nígbà àìmọye kó tó dé ìlú Portico lójú ọ̀nà. Ètè rọ́bà yẹn máa ya. Ọ́ìlì á kọ́kọ́ máa sun díẹ̀díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Tó bá fi máa dórí òkè, gbogbo wọn á ti dúró síbẹ̀, wáìnì lọ́wọ́ kan, búrẹ́dì pẹlẹbẹ piadina lọ́wọ́ kejì. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ọ̀gá, ta ló tún ṣọ́ọ̀kì yìí ṣe fún un yín?"

Kí ló fẹ́ sọ? Pé Nives ni? Tó bá ní Nives ni, ó ti jẹ́wọ́ pé òun ò lè ṣe é mọ́ nìyẹn. Á ní òun ni. Á gba orúkọ iṣẹ́ mi bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, kò ní dùn lẹ́nu ẹ̀.

Ó ti ń gbà á báyìí pàápàá. Mo lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀ yìí, Loredana ń nu tábìlì níta. "Ọ̀gá ti múra tán fún ọ̀la o. Ó ní òun ti tún ṣọ́ọ̀kì iwájú ṣe, ó dà bí tuntun. Ọwọ́ yẹn, Nives, ọwọ́ wúrà ni." Ṣọ́ọ̀kì wà lórí tábìlì mi nígbà tó ń sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ra búrẹ́dì mi. Mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ṣáá.

Bí mo ṣe rẹ́rìn-ín lọ́dún 1978 náà nìyẹn. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù ọmọ dókítà ìlú wa, mo tò ó pa dà, ó gba ipò kìíní nínú eré orí òkè. Ivano ni wọ́n yà sínú ìwé ìròyìn, ó ká apá mọ́ àyà. Èjìká mi kan wà létí fọ́tò yẹn. Èmi nìkan ló mọ̀ pé èjìká mi ni.

Àti bàbá mi, lórí bẹ́ẹ̀dì… rárá, mi ò fẹ́ ronú nípa ẹ̀. Kí n gbájú mọ́ iṣẹ́.

Síìlì tuntun. Ọ́ìlì díẹ̀ yí i ká. Mo fi pákó lé e, mo ń fi òòlù gbá a jẹ́jẹ́, mo ń yí i ká kó lè wọlé dọ́gba. Tó bá jókòó dáadáa, ìró òòlù máa yí pa dà… ó ti yí pa dà. Òrùka irin tó ń dá a dúró wọ ojú ihò ẹ̀. Ó wọlé bó ṣe yẹ. Ọ̀pá ló kù. Ọ̀rá ni mo fi wé orí ẹ̀ kó má bàa ya síìlì nígbà tó bá ń wọlé — ẹ ò rí i bí mo ṣe ń ṣọ́ rọ́bà tí mo fẹ́ bà jẹ́.

Àtàǹpàkò mi kọjá lórí ẹ̀gún yẹn. Ó há.

Fi í sílẹ̀.

"Ivano ni mo fún ní ilé iṣẹ́. Má bínú, ọmọ mi. Ta ló máa gbé alùpùpù wá fún obìnrin?" Bàbá mi ló sọ ọ́, lọ́dún 1989, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tó fi kú. Mo ní, "Bàbá, ta ló ti ń tún wọn ṣe látọjọ́ yìí?" Ó dijú. Ó ní, "Mo mọ̀."

Ivano sì dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ká ní ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo… Ó ń wo fèrèsé. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ó fọwọ́ lé mi léjìká: "O ṣì lè máa wá o, Nives. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀." Mo lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń tún ẹ̀rọ ìgékoríko àti ẹ̀rọ omi ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì yìí.

Kí ọ́ìlì ṣàn. Kó ṣàn wálẹ̀ lára àpò irin yẹn, kó kán sórí—

Kó kán sílẹ̀. Níwájú gbogbo wọn. Kí wọ́n máa wo ara wọn lójú. Ìtìjú ọjọ́ kan péré, sí tèmi tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kí ló burú ńbẹ̀? Á ṣàn lára àpò, á kọjá níbi ìdè táyà, á kán sórí…

Kí ló dé tí mi ò lè parí ọ̀rọ̀ yẹn?

Ẹ jẹ́ kí n tún un rò. Mo họ ẹ̀gún ara tọ̀tún kúrò láàárọ̀. Wákàtí kan ni mo fi họ ọ́, ó ń dán bíi dígí. Kí nìdí? Mo sọ fún ara mi pé tí méjèèjì bá ń jò, wọ́n á fura. Tó bá jẹ́ ọ̀kan, wọ́n á ní ohun àtijọ́ ni. Ó dáa. Kí ló dé tó fi jẹ́ tọ̀tún? Ó sún mọ́ mi ni? Kò sún mọ́ mi. Ti òsì ló wà níwájú mi. Mo rántí — mo gbé ti òsì kúrò kí ọwọ́ mi tó dé ara tọ̀tún.

Alùpùpù ọdún 1973. Bíréèkì kan ṣoṣo ló ní níwájú.

Apá òsì ló wà.

Ká ní ìtìjú ni mò ń wá, ì bá jẹ́ tọ̀tún ni mo fi ẹ̀gún sílẹ̀ lára ẹ̀. Abẹ́ tọ̀tún ò ní nǹkan kan. Ọ́ìlì á kàn kán sí títì, gbogbo ayé á rí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, yóò tán síbẹ̀. Ti òsì… àwo bíréèkì ni ọ́ìlì á kán lé. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Muraglione, níbi tí títì ti ń yí bí ejò, á fa bíréèkì, bíréèkì ò ní mú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo mọ ibi tí ọ́ìlì ń lọ. Nínú iṣẹ́ yìí, kí ni mi ò mọ̀? Látìgbà tí mo ti gbé ti òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni mo ti mọ̀. Gbogbo àárọ̀ yìí ni mo ń sọ ìtìjú, ìtìjú… kí n má bàa gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.

Oòrùn ti dé orí tábìlì. Mo yọ ọ̀rá kúrò. Mo ya sán-pépà tó múná jù, mo rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì, mo ń fi họ irin yẹn, jẹ́jẹ́, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀. Inú mi ò rọ̀ sí i o. Mo ṣì kórìíra ẹ̀ bí mo ṣe kórìíra ẹ̀ láàárọ̀. Ó ń bọ̀ wá gbà á ní aago mẹ́rin. Á dúró síbi ilẹ̀kùn yẹn, á ki ọwọ́ bọ àpò.

Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn níbi bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, Ivano?

Ọdún mẹ́tàlélógún rèé. Mi ò bi í rí. Mo fẹ́ kó kú kí n má bàa bi í.