Ẹ̀yìn Ìwé Ìròyìn Emmett

“Ìtàn ẹnu ni, Ìyáàfin Perrin. A kì í fi ìtàn ẹnu gbẹ́ òkúta.”

Ọ̀gbẹ́ni Thayer, alága ìgbìmọ̀, tẹ kálámù rẹ̀ mọ́ ìwé orúkọ tó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ọmọ ìlú náà tó bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ Ajé ni agbẹ́-òkúta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ wọn sára òkúta tuntun iwájú ilé ìkàwé.

Lavinia Perrin kò jókòó. “Ìyá mi àgbà ló sọ ọ́ fún mi, ìyá tirẹ̀ ló sọ ọ́ fún òun náà. Cuffee, baba ńlá wa, fèrè ló ń fun lójú ogun tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun fi ń lọ déédéé. Ẹnu méje péré ni ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá. Ṣé ẹnu méjèèje ló purọ́ ni?”

“Ta ló ní wọ́n purọ́, mà? Ìwé ìgbà ogun ni mo ń béèrè. Ẹ mú un wá kí aago méjìlá ọ̀sán Sátidé tó lù, ọwọ́ ara mi ni màá fi kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.”

“Thayer, ogún ọdún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé nílùú yìí. Mo gbé àwọn ọmọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan èyí tó máa ń bì sí mi lẹ́yìn ọrùn. O ò béèrè ìwé lọ́wọ́ mi nígbà náà!”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Thayer náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ kankan.

Kì í ṣe pé Lavinia kò wá a. Láti ìgbà tó ti fẹ́ Emmett ni tọkọtaya náà ti ń ṣa ìwé ìròyìn ìgbà ogun jọ, látorí tábìlì àwọn tó ń ta ẹrù àlòkù níwájú ilé wọn, títí dé ọjà gbàǹjo. Àkísà aṣọ ni wọ́n fi ṣe ìwé ayé ìgbà náà. Kì í pọ́n, kì í rún, bí a bá sì mì í díẹ̀, á dún bí aṣọ tuntun. Ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ló wà nínú àpótí rẹ̀. Ó ti ka gbogbo wọn dé orí ìkéde màlúù tó sọnù. Cuffee kò sí níbẹ̀. Ó sì ti di ọdún mẹ́ta tí Emmett ti kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Odessa ọmọ rẹ̀ ń dín àkàrà àgbàdo nínú ilé ìdáná. Lavinia wà ní pálọ̀ lórí eékún rẹ̀. “Olúwa, ìwọ tó ka irun orí, o kò lè ṣi orúkọ kà. Fi ọmọ rẹ hàn mí.”

“Mọ́mì, ẹ wá jẹun kó tó tutù.” Odessa nu ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ògiri. “Ẹ gbọ́ ná. Ṣé ẹ ti ka ẹ̀yìn èyí rí?”

Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ló ń wò. Ogójì ọdún sẹ́yìn ni Emmett fi gíláàsì bo ojú rẹ̀ nínú férémù, tó lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa, tó sì fi ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ. Oṣù Karùn-ún ọdún 1778 ni; ìròyìn pé ọba Faransé ti gbè sẹ́yìn Amẹ́ríkà ló wà lójú rẹ̀.

“Èwo ni ẹ̀yìn? Ojú ni àwọn tó ń ṣa ìwé máa ń gbé kọ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé ẹ̀yìn kọ́.”

“Nítorí náà, ẹ ò kà á.”

Lavinia fọwọ́ kan etí férémù náà. “Bàbá rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́, Odessa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa fà ya yẹn.”

“Mọ́mì, bí Dádì bá wà níbí, ṣé wọ́n á ti dúró kí kọfí hó?”

Wọ́n sọ férémù náà kalẹ̀, wọ́n yí i padà. Lára páálí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n bá ìwé kíkọ Emmett: *Ẹni tó bá máa ṣí i, kó fọwọ́ kó tó ṣí i.*

Lavinia bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó fọwọ́, ó nù ún gbẹ, ó mú ọ̀bẹ.

Ojú ewé kejì, kò sí nǹkan. Ìkẹta, kò sí. Lójú ewé kẹrin, lábẹ́ ìpolówó iyọ̀ àti ọtí:

*Ẹrú mi Cuffee, ẹni ọdún méjìlélógún, tí àpá wà lójú òsì rẹ̀, ti sá lọ. A rí i ní àgọ́ ọmọ ogun wa tó ń fun fèrè fún wọn, ọ̀gá wọn kò sì jẹ́ kí n mú un. Ẹni tó bá mú un wá yóò gba dọ́là márùn-ún. Josiah Perrin.*

“Mọ́mì!” ni Odessa pariwo.

Lavinia ti ń jó. “Cuffee afunfèrè! Ọkùnrin tó fi olówó rẹ̀ sílẹ̀ lójú oorun tó lọ bá ọba jà! Wọ́n fi dọ́là márùn-ún wá ọ, Olúwa ò tà ọ́! Ó ní òun á tẹ́ tábìlì fún wa níwájú ọ̀tá. Ọ̀tá fúnra rẹ̀ ló tún tẹ́ ẹ!”

Àkàrà jóná. Kò sẹ́ni tó bìkítà.

Nígbà tí Thayer ka ìkéde náà tán lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣí fìlà. Ó mú kálámù, ó wá dúró. “Ìyáàfin Perrin, a, bí, dí la fi to orúkọ. Josiah Perrin tó kọ èyí náà wà lára àwọn tí a máa gbẹ́ sára òkúta. Cuffee ló máa ṣáájú rẹ̀.”

“Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣáájú rẹ̀ dé ojú ogun tẹ́lẹ̀.”

Thayer kọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́, Lavinia tún ìwé náà dá padà sínú férémù. Kò lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa mọ́. Ojú ewé kẹrin ló kọ sí gíláàsì. Ọba Faransé, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri.