Mángòrò Tó Máa Tètè So

Ọjọ́ kejì tí a gé igi mángòrò bàbá mi ni ọ̀rọ̀ Ìyá Onígi tó wọlé sórí fóònù mi. Ìyá Onígi ló ń ta ọ̀gbìn ní ìparí òpópónà wa. Ó ní kí a má tíì gé igi náà o, kí a kọ́kọ́ gé ọ̀mùnú orí ẹ̀ka rẹ̀ pa mọ́ fún òun. Òun á dè é mọ́ ara igi kékeré mìíràn, yóò lẹ̀ mọ́ ọn di igi kan, igi bàbá wa á sì tún máa wà láàyè.

"Ẹ̀pa ò bóró mọ́," ni bọ̀ọ̀dá mi wí.

Ikán ti jẹ inú igi náà, ó sì ti ń fì sórí òrùlé yàrá Màámi. Agégi ti kó ẹ̀ka rẹ̀ lọ tewétewé.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Ìyá Onígi fúnra rẹ̀ gbé ọ̀gbìn méjì wá nínú ọ̀rá dúdú. Ó wo kùkùté náà, ó mi orí.

"Èyí máa ń tóbi, ó dùn, kì í há séyín, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù. Èyí kéré, ó sì máa ń kan lẹ́nu díẹ̀, àmọ́ ó lè so lọ́dún tó ń bọ̀."

Bọ̀ọ̀dá mi nawọ́ sí ọ̀gbìn kan tó lalẹ̀ hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté. "Ọmọ igi bàbá wa rèé. Kí la tún ń wá kiri?"

"Ìyẹn á tó ọdún mẹ́jọ kó tó so. Ọmọ mángòrò kì í sì í fìgbà gbogbo jọ ìyá ẹ̀."

Màámi dáhùn láti orí àga rẹ̀. "Ṣé bọ̀ọ̀dá yín yìí jọ mí ni? Ṣebí mi ò dà á nù."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Màámi di ikọ́, ó di àyà mú títí bọ̀ọ̀dá mi fi bu omi wá.

"Ọmọ igi bàbá yín ni ó wù mí," Màámi ní nígbà tó mí délẹ̀. "Màá dúró dè é. Ṣùgbọ́n àyè igi kan ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń bomi rin ọgbà ni kó yàn." Èmi ni mo máa ń bomi rin ọgbà náà, èmi ló sì tẹjú mọ́.

"Ẹ ó dúró dè é, àmín," ni bọ̀ọ̀dá mi wí, kò wo ojú mi. Láti ọjọ́ tí dókítà ti bá wa sọ̀rọ̀ nípa àìsàn Màámi, àmín la fi ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nínú ilé wa.

Mo fojú inú wo igi bàbá mi tó tún ga, òjìji rẹ̀ lára ògiri, èso rẹ̀ nínú abọ́ lórí tábìlì. Mo wá Màámi títí nídìí tábìlì náà, mi ò rí i.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú. Èyí tó máa ń kan díẹ̀ yẹn ni mo máa gbìn, torí òun ló máa tètè so. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin jẹ nínú ẹ̀."