Àtàǹpàkò Iye

Bándélé pè mí ní kùtùkùtù pé kí n wá ibì kan jókòó sí. Mo ní mo ti jókòó. Ó ní kí n jókòó dáadáa.

Bándélé ni akọ̀wé mi ní ọ́fíìsì tí mo ṣí sí Ore, kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ti lọ wo ìwé tí àjọ elétò ìdìbò lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ìwé tí àwọn ará ẹkùn wa tẹ ìka sí pé kí wọ́n pè mí padà wálé láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Abuja, pé mi ò ṣe wọ́n lóore kankan. Mo ti mọ̀ pé ìwé náà wà. Mo tilẹ̀ ti sọ lórí rédíò pé ayédèrú ni, pé òkú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹnì kan wà níbẹ̀ o, ọ̀gá," ni Bándélé wí. "Akínwọlé Hannah, Araromi-Obu."

Ìyá mi nìyẹn. Iye mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí, ìbínú ló tẹ̀ lé e. Ọdún keje rèé tí mo ti ń ṣojú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ìgbà mọ́kànlélógún ni mo ti dìde sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀, mo kà á. Èmi ni mo gba tiransifọ́mà fún Ore. Èmi ni mo gbé àbá òfin kòkó kalẹ̀, wọ́n sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó sùn sínú dúrọ́wà. Ìka kan ṣoṣo sì lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kì í ṣe pé ìka ìyá mi wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ, ohun tí rédíò yóò wí ni mò ń rò: ẹni tí ìyá tó bí i kò fẹ́, ta ni kó wá fẹ́ ẹ?

Mo sọ fún Bándélé pé wọ́n tan ìyá mi jẹ ni. Lábúlé wa, bí wọ́n bá fẹ́ pín oògùn kòkó, wọn á ní kí ènìyàn tẹ ìka. Bí wọ́n bá fẹ́ pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ìka náà ni. Ó ti mọ́ àwọn àgbàlagbà wa lára. Kí wọ́n ṣáà ti rí tàdáwà, àtàǹpàkò wọn á ti nà síta kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ àjọ yóò pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti bi oníkálùkù bóyá òun ló tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Kí ìyá mi ṣáà ti sọ pé òun rò pé oògùn kòkó ni, ó tán.

Mo bọ́ sínú jíìpù l'Ore, mo kọrí sí Araromi-Obu. Ó gbé mi dé Odigbo, ó gbé mi kọjá rẹ̀ díẹ̀, ó sì rì sínú ẹrẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti Sátidé. Mo dúró, mò ń wo aago, mò ń wo ojú ọ̀nà, títí Luqman, ọlọ́kadà kan láti gáréèjì Ore, fi yọ. Ó wò mí, ó wo jíìpù, ó gbé ẹ̀rín mì.

"Ọ̀nọ́rébù, ọ̀nà yín nìyí o."

Mi ò mọ̀ bóyá ó ń júwe ọ̀nà ni tàbí ó ń bú mi. Orí ọ̀nà yìí kan náà ni mo dúró sí nígbà ìpolongo àkọ́kọ́, tí mo ní kí ọdún méjì tó pé, ọ̀dà ni wọn yóò máa rìn lórí rẹ̀. Mo gun ẹ̀yìn ọ̀kadà. A ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, níbi tí odò ti gé ọ̀nà, mo wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, aṣọ funfun mi di aláwọ̀ kòkó.

Ìyá mi jókòó síwájú ilé. Àgbá omi ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi kún un dé ẹnu, abọ́ méjì àti ọṣẹ dúdú wà lórí àpótí.

"Ẹ kúulé o, Iye."

"Ọma mi." Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ìbò, kò pè mí ní Ọ̀nọ́rébù rí. "Bu omi, kí o fọ ẹsẹ̀ rẹ."

"Kò sí àyè, Iye. Ìwé kan tí wọ́n gbé wá..."

"Mo ní kí o fọ ẹsẹ̀."

Mo bu omi. Mò ń fọ ẹsẹ̀, mò ń sọ̀rọ̀. "Oògùn kòkó ni wọ́n pè é fún yín, àbí? Àbí nẹ́ẹ̀tì?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Wọ́n dé ulé Adédoyin, wọ́n dé ulé Yínká, wọ́n fo ulé mi. Wọ́n ní ìyá Ṣínà ni mí, ojú ń tì wọ́n. Èmi ni mo pè wọ́n padà. Mo ní kí wọ́n kà á fún mi. Wọ́n kà á. Mo ní kí wọ́n tún un kà."

Mo gbé abọ́ sílẹ̀. "Iye, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Ó nawọ́ sí àgbá. "O rí omi yìí? Ó di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń pọn ọ́n. Ẹni tó bá ṣubú lódò, kì í lọ ulé rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń yà sí. Wọn kì í bú mi o. Wọn á kàn dúró pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, wọn á ní, 'Iye Ọ̀nọ́rébù, ẹ kúulé.' Ìyìnolúwa gbé kòkó ṣubú, mo bu omi fún un. Ìyàwó pásítọ̀ gbé oyún ṣubú, mo bu omi fún un, a jọ sunkún. Ní ọjọ́ orí mi yìí, Ṣínà, ẹrẹ̀ rẹ ni mò ń fọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé wa. Ohun tí ọmọ bá bà jẹ́, ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbàgbé rẹ̀ l'Abuja.

"Ọ̀nà náà wà nínú ìwé ìṣúná, Iye. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi í síbẹ̀."

"Ṣé inú ìwé ìṣúná lo ṣubú sí lónìí?"

Ó dìde, ó wé gèlè. Ó ní ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kò lè wọ Araromi-Obu, ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Omifunfun ni wọ́n ní kí gbogbo wọn wá, kò sì sí ọlọ́kadà tó gbà láti gbé arúgbó gba inú ẹrẹ̀ yẹn. "Ìwọ ni yóò gbé mi lọ."

Ẹni tí kò bá yọjú, wọn yóò fagi lé orúkọ rẹ̀. Mi ò ní láti purọ́, mi ò ní láti bẹ̀ ẹ́. Kí n kàn sọ pé mò ń kánjú, kí n gun ọ̀kadà, kí n lọ. Luqman ń wò mí. Ìyá mi náà ń wò mí, ó sì mọ ohun tí mò ń rò, nítorí láti kékeré ló ti ń rí irọ́ lójú mi kó tó dé ẹnu mi.

"Bí o kò bá gbé mi," ó ní, "màá fi ẹsẹ̀ rìn."

Mo gbé e. Luqman wà níwájú, Iye wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn, mo dì í mú. Fóònù ń gbọ̀n lápò mi, Bándélé ni, mi ò gbé e. Nígbà tí a dé odò, Luqman ní kí a sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Iye, ẹ gùn mí." Mo pọ̀n ọ́n gba inú ẹrẹ̀. Ó fúyẹ́ débi pé ẹ̀rù tún bà mí, ẹ̀rù tí kò kan ìbò rárá.

Ní Omifunfun, èrò yà fún wa nígbà tí wọ́n rí wa. Fóònù nà sókè káàkiri. Òṣìṣẹ́ àjọ náà, obìnrin kan tí wọ́n kọ Àzíìzàt sí káàdì àyà rẹ̀, pe orúkọ Iye.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹnikẹ́ni fipá mú yín?"

"Rárá."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Iye, kò sí ẹrẹ̀ níbẹ̀. "Pẹ̀lú ọ̀nà yìí, Màmá, ta ló gbé yín wá?"

Ìyá mi yíjú wò mí, níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Ọ̀nọ́rébù mi ni."

Ọdún méje ni mo ti ń retí kí ó pè mí bẹ́ẹ̀. Mo sorí kọ́, mò ń wo ẹrẹ̀ tó ń gbẹ lẹ́sẹ̀ mi.